Samuel Johnson wo ni wọ́n ní kí ọmọ mi kọ nípa rẹ̀?

#1 Bàbá Mọ́ráyọ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Wọ́n fún ọmọbìnrin mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ó kọ ojú ìwé kan nípa Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, kí ó sì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kí ó lo fóònù ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi délé, ó ti parí, ó ti lẹ àwòrán, ó ti fi bírò pupa fa ìlà yí i ká. Òyìnbó sísanra kan ló wà níbẹ̀, ó dé irun àtọwọ́dá funfun mọ́ orí. Mo ní, "Ta nìyí?" Ó ní, "Dádì, Samuel Johnson ni. Wọ́n bí i ní 1709."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo wá fẹ́ ṣàlàyé fún un ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Báwo ni ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe dẹni tó ń jẹ́ Johnson? Ṣé òun àti òyìnbó yẹn bára tan ni? Mo kàn ń ṣe bí ọ̀mọ̀ràn lójú ọmọ ni, n kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n nídìí ìtàn, ẹ dákun, ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gba iṣẹ́ náà.

#2 Ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 8:31 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo rí Johnson lókè, mo sáré wọlé. Johnson 40 ni tèmi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Kabúrétọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí òmíràn?

#3 Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀fin (Ọjọ́ Ẹtì, 9:02 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mọ́ráyọ̀, ẹ má bínú sí ọmọ. Bí ẹ bá tẹ orúkọ yẹn sórí Google, òyìnbó onírun funfun yẹn ló máa kọ́kọ́ yọjú. Òun ló ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1755. Ọmọ Lichfield ni. Òun àti tiwa kò bára tan níbì kankan.

Tiwa ni kí ó kọ báyìí. Ní 1846 ni wọ́n bí i, ní Hastings, abúlé kan lẹ́bàá Freetown ní Sàró (Sierra Leone). Henry Erúgúnjìnmí ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ogun ló kó bàbá yìí tí wọ́n fi tà á. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé ọkọ̀ ẹrú kiri ló dá irú wọn sílẹ̀ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti di Johnson. Ní 1858 ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó forí lé Ìbàdàn, ó wá ń bá Hinderer, òyìnbó àlùfáà tí CMS, ẹgbẹ́ oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán wá, ṣiṣẹ́. Samuel kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ó kọ ọ́ pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí. Tíṣà tó bá mọ̀ ọ́n máa fàlà pa á.

Samuel ṣe tíṣà, ó ṣe katikíìsì, ó di àlùfáà ìjọ l'Ọ̀yọ́. Nígbà ogun Kírìjì, òun wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ Aláàfin lọ bá gómìnà l'Ékòó, tí wọ́n tún ń gbé èsì padà lọ sí bùdó ogun, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886.

Apá tó máa ń dùn mí jù ni ti ìwé náà fúnra rẹ̀. Ní 1897 ló kọ ọ́ tán. Wọ́n fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù síbẹ̀. Odidi iṣẹ́ tó fi bí ogún ọdún ṣe! Samuel kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé jọ, tó jókòó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà kú ní 1920. Ìwé jáde ní 1921. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ kan án.

#4 Bàbá Mọ́ráyọ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 9:20 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka apá ti ìwé tó sọnù fún un, ó ní kí ló dé tí wọn kò "save" ẹ̀. Mo ní kó lọ sùn.

Ṣùgbọ́n ta ló fún Erúgúnjìnmí ní Johnson?

#5 Ọ̀túnba Àríwísí (Ọjọ́ Ẹtì, 9:47 alẹ́)

Ta ni ìbá tún jẹ́, bí kò ṣe ọ̀gá tó ra wọ́n? Johnson, Williams, Cole, Macaulay, orúkọ ẹrú ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin èèyàn wa ẹ fi ń yangàn, ẹ ń pe ara yín ní ọ̀làjú Èkó.

#6 Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀fin (Ọjọ́ Ẹtì, 10:15 alẹ́)

Ọ̀túnba, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Àwọn tí wọ́n já kalẹ̀ ní Freetown kò dé oko òyìnbó kankan. Ojú òkun ni wọ́n ti gbà wọ́n. Kò sí ọ̀gá tó máa fi orúkọ rẹ̀ lù wọ́n ní òǹtẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù ni orúkọ ti wá jù, àti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ tó ń fowó ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Àjàyí Crowther ni kí ẹ fi wò ó: àlùfáà kan tó ń jẹ́ Samuel Crowther ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ CMS, ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lé nígbà ìrìbọmi ní 1825. Haastrup tí ẹ ń gbọ́ n'Íléṣà, orúkọ òyìnbó oníwàásù ni.

Nǹkan kan tún wà tó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Ní abúlé Regent ní Sàró, láti 1816, àlùfáà tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ń jẹ́ W. A. B. Johnson. Ọmọ Hanover ni, Jámánì pọ́ńbélé. Ẹ ò rí i pé a kò tíì kúrò ní Sàró, Johnson ti di orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, ti Jámánì, ti Ọ̀yọ́.

#7 Jọ́nsìn Gan-an (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Mo jí, mo bá orúkọ bàbá mi lẹ́nu yín. Johnson ni mí, ìdílé mi kò sì mọ̀nà Sàró rí.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá bàbá mi ní apá Oǹdó. Fágbèmí ló ń jẹ́. Nígbà tó gba ìgbàgbọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Jòhánù. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi wọ ilé ìwé. Tíṣà ní, "Ta ni bàbá rẹ?" Ó ní, "Jòhánù ni, sà." Tíṣà kọ Johnson sínú ìwé, ó sì pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí a ṣe di Johnson nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ Jòhánù ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Bóyá nínú gbogbo àwọn tí ẹ ń dárúkọ, bàbá mi nìkan ni bàbá tirẹ̀ ń jẹ́ Jòhánù lóòótọ́!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ wàhálà tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wà nílé ìwé kí bàbá wọn tó gba ìgbàgbọ́. Fágbèmí ni wọ́n kọ fún òun. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ sùn. Ọ̀kan Fágbèmí, ọ̀kan Johnson. Nígbà tí àwọn méjèèjì kú tán, tó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko, lọ́yà ní ìwé ilẹ̀ wà lórúkọ Fágbèmí, kí ló kan Johnson níbẹ̀? Wọ́n ní ká mú ẹ̀rí wá pé ìdílé kan ni wá. Ìyá àgbà kan ṣoṣo tó kù fún wa ló bá wa dé kóòtù. Bí wọ́n ṣe bi màmá pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹbí ni wá, màmá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá. Ó ki bàbá wa, ó ki ìyá wọn, ó délé ìran tó tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ní, "Mama, oríkì kì í ṣe ìwé." Àfidáfítì la padà lọ bú.

#8 Ọ̀túnba Àríwísí (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:05 àárọ̀)

Mo gba ti Sàró. Ṣùgbọ́n ìwọ Jọ́nsìn, kí ló dé tí o kò padà sí Fágbèmí? Ẹnì kan ha dì ọ́ lọ́wọ́ bí?

#9 Jọ́nsìn Gan-an (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:22 àárọ̀)

Wáẹ̀kì dì mí lọ́wọ́. Páásípọ́ọ̀tù dì mí lọ́wọ́. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ mẹ́rin, àkáǹtì báǹkì mẹ́ta. Ẹ tún wá bá mi san owó ìwé ìròyìn tí mo máa fi kéde pé "èmi tí wọ́n ń pè ní báyìí tẹ́lẹ̀". Yàtọ̀ síyẹn, bí mo bá sọ fún ìyàwó mi pé kì í ṣe Ìyá Johnson mọ́ nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, èmi ni mo máa lọ wá ibòmíràn sùn.

#10 Ìyá Ìbejì Mushin (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:11 àárọ̀)

Ẹ̀yin ń jà lórí Johnson tó ti kú, mo gbé ojú sókè, Johnson méjì ló wà nínú yàrá mi. Ọ̀kan ni òróró tí mo fi ń pa àwọn ìbejì lára. Ìkejì ni Raid: ẹ yí agolo rẹ̀ padà, ẹ máa rí "SC Johnson" lẹ́yìn. Ọkọ mi ní ilé iṣẹ́ kan náà ni. Ṣé òótọ́ ni?

#11 Tíṣà Máàsì (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:58 àárọ̀)

Rárá o, mà. Ẹ sọ fún bàbá wọn pé kò gbà á. Johnson & Johnson ló bẹ̀rẹ̀ ti òróró ọmọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta ló dá a sílẹ̀ ní New Jersey. Ti Raid, Samuel Curtis Johnson ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Racine, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. (Bẹ́ẹ̀ ni, Samuel Johnson mìíràn tún nìyẹn. Bàbá Mọ́ráyọ̀, ẹ fi fóònù pamọ́ fún ọmọ.) Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé 1886 ni ọdún tí ilé iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan kò mọ àwọn kejì rí.

#12 Ìyá Ìbejì Mushin (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:03 àárọ̀)

Johnson kan ń ra ọmọ lára, Johnson kan ń pa ẹ̀fọn tó fẹ́ jẹ ọmọ. Kí wọ́n kúkú fẹ́ra.

#13 Àǹtí Peckham (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:30 àárọ̀)

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Níbí ní ìlú òyìnbó, bí a bá ti ní Johnson, Boris la máa ń rántí, ẹni tó ṣe olórí ìjọba láti 2019 sí 2022. Mo rò pé ẹ máa fẹ́ gbọ́ bí tirẹ̀ ṣe jẹ́, torí òun gan-an kò jogún Johnson láti ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀.

Ará Tọ́kì ni bàbá bàbá bàbá rẹ̀. Ali Kemal ló ń jẹ́, oníròyìn àti olóṣèlú. Àwọn èèyànkéèyàn pa á ní 1922. Osman ni ọmọ rẹ̀. Ìyá Osman tó jẹ́ òyìnbó kú kété lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ló bá ku ọmọ jòjòló lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ilẹ̀ Tọ́kì ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, orúkọ Tọ́kì di ẹrù tó wúwo lórí ọmọ kékeré. Johnson ni ìyá àgbà yẹn ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀ kí ó tó lọ́kọ. Òun ni wọ́n gbé wọ ọmọ. Osman Kemal di Wilfred Johnson. Wilfred bí Stanley, Stanley bí Boris.

Ẹ wò ó, Ọ̀túnba ń fi Sàró ṣe yẹ̀yẹ́. Olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì alára, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ni wọ́n ti yá Johnson fún wọn. N kò tíì rí ẹni tó ní kó padà lọ máa jẹ́ Kemal.

#14 Ọ̀túnba Àríwísí (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:52 àárọ̀)

Àǹtí, mo dọ̀bálẹ̀. Èyí kò dé etígbọ̀ọ́ mi rí.

#15 Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ Ìdúmọ̀tà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ ti gbàgbé ọkùnrin! Jack Johnson! Ọmọ Galveston ní Texas, ọmọ àwọn tí wọ́n ti ṣẹrú rí. Ní 1908 ó na Tommy Burns ní Sydney, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ tó wúwo jù. Ara ta àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n lọ bẹ Jim Jeffries tó ti fẹ̀yìn tì pé kí ó wá gba ojú wọn là. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1910, ní Reno, Johnson nà án dójú ilẹ̀. Ìjà tí kò yẹ kó kọjá inú okùn wá di rògbòdìyàn ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, wọ́n sì pa èèyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá òfin tí wọ́n lè fi mú un, nítorí obìnrin aláwọ̀ funfun tó ń bá rìn. Ó ṣẹ̀wọ̀n. Ọdún 2018 ni wọ́n tó dárí jì í, ẹni tó ti kú láti 1946.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé: nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú kòtò ní ilẹ̀ Faransé ń pe ọta àgbá ńlá kan tí Jámánì ń yìn ní "Jack Johnson". Ó ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí ó bá bú, èéfín dúdú kìjikìji ló máa ń rú, kò sì sẹ́ni tó máa dìde níbi tó bá bà sí. Àgbá tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn!

Orúkọ yẹn ṣì ń bí ọmọ títí dòní. Ṣé ẹ mọ Dwayne Johnson, tí wọ́n ń pè ní The Rock? Bàbá rẹ̀ kì í ṣe Johnson. Bowles ni wọ́n bí i sí, ní Kánádà. Ìgbà tó di oníjàkadì ló mú orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ méjì, Rocky láti ara Marciano, Johnson láti ara Jack, ó so wọ́n pọ̀, ó sì fi jẹ́ títí ó fi kú. Àwọn ọmọ jogún rẹ̀.

#16 Tíṣà Máàsì (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:40 ọ̀sán)

Ní Amẹ́ríkà, kò sí orúkọ ìdílé tó pọ̀ ju Johnson lọ àfi Smith. Nígbà ìkànìyàn 2010, wọ́n lé ní 1,900,000, aláwọ̀ dúdú sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Àwọn ará Sweden náà wà níbẹ̀: Johansson ni wọ́n gbé kúrò nílé, nígbà tí wọ́n máa fi ọdún díẹ̀ gbé Minnesota, ó ti di Johnson.

Ààrẹ méjì ló jẹ́ ẹ. Andrew ni ìgbákejì Lincoln, Lyndon ni ìgbákejì Kennedy. Wọ́n yìnbọn pa Lincoln ní 1865, Johnson gorí àlééfà. Wọ́n yìnbọn pa Kennedy ní 1963, Johnson gorí àlééfà. Èmi ò ní fi Johnson ṣe ìgbákejì mi, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Àwọn méjèèjì kò bára tan o. Andrew ni wọ́n fẹ́ yọ nípò ní 1868. Ìbò kan ṣoṣo ló kó o yọ.

Ti Lyndon ló wà lára ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń darí àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà ní Houston, Johnson Space Center. 1973 ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó kú. Ṣùgbọ́n Johnson tí èmi fẹ́ràn ní NASA, àjọ tó ń rán wọn lọ, kì í ṣe ààrẹ. Katherine Johnson ni, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó fi orí àti pẹ́ńsù ṣe ìṣirò ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà lójú sánmà. Ní 1962, kí John Glenn, ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà, tó gbéra, kọ̀ǹpútà ti ṣírò tirẹ̀ tán. Glenn ní òun kò lọ, àfi kí obìnrin yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó bá a mu. Ó ṣe é. Ó bá a mu. Ó pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún kó tó kú ní 2020. Coleman ni nílé bàbá rẹ̀, Goble nílé ọkọ àkọ́kọ́ tó kú. Ọ̀dọ̀ ọkọ kejì ni Johnson ti wá. Bí ọkùnrin yẹn bá ń jẹ́ Adams ńkọ́?

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti iṣẹ́ mi, ó kù díẹ̀. Nínú jọ́mẹ́tírì, àwọn ohun olójú púpọ̀ kan wà tí ojú wọn gbogbo gún régé, àmọ́ tí wọn kò sí lára àwọn ìdílé ńlá tí a mọ̀ láti ayé àtijọ́. Norman Johnson to orúkọ wọn jọ ní 1966. Méjìléláàádọ́rùn-ún péré ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ ni pírámíìdì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin. Àwọn náà ń jẹ́ Johnson.

#17 Ìyá Ìbejì Mushin (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:44 ọ̀sán)

Tíṣà, ẹ̀ ń kọ́ wa ni àbí ẹ̀ ń nà wá?

#18 Ẹ̀gbá Lákẹ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ padà wálé díẹ̀. Nígbà kan náà tí bàbá Samuel ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, Johnson mìíràn wà l'Ábẹ́òkúta: George William Johnson, ará Sàró tó kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ní 1865 òun ló wà nídìí Egba United Board of Management, tí ìlú fẹ́ fi máa bá àwọn òyìnbó Èkó sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọba sí ìjọba, kí wọ́n lè gba owó ibodè. Àwọn ará Èkó sọ ọ́ ní "Reversible Johnson", bí aṣọ tí wọ́n ń yí inú sóde. Ẹ fi télọ̀ sílẹ̀ fún wọn.

L'Ékòó ẹ̀wẹ̀, James Johnson ń bẹ ní ìjọ Breadfruit. "Holy Johnson" ni wọ́n ń pè é, nítorí kò gba gbẹ̀rẹ́. Bàbá rẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìyá rẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní 1900 ó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀túnba, tiyín rèé, ẹ gbọ́ dáadáa: ọkùnrin yìí gan-an ló ń bá àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ fà á pé kí wọ́n má gbé ọmọ Yorùbá wá síbi ìrìbọmi pẹ̀lú orúkọ òyìnbó. Adé, Olú, Ayọ̀, ó ní kí ló ṣe wọ́n? Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1917, Johnson ló sì kú. Àtàwọn tó sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ṣe é náà wà o: David Brown Vincent ti Onítẹ̀bọmi bọ́ ti òyìnbó sílẹ̀ ní 1894, ó di Mojọlá Agbébí.

Mo ti máa ń rò ó. Bóyá Holy Johnson mọ̀ pé ti ọmọ ọwọ́ ṣì ṣeé yàn, ti àgbàlagbà ti wọlé sára. Ohun tí Jọ́nsìn Gan-an sọ lórí páásípọ́ọ̀tù náà ni.

#19 Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀fin (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:12 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbá. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbàgbé Mobọ́lájí Johnson, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 1967 sí 1975. Pápá ìṣeré Oníkàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, ibùdókọ̀ ojú irin ní Alágómẹ́jì náà ń jẹ́ ẹ. Ọmọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ lọ s'Íbàdàn, ó ní òun ń lọ "Johnson". Ó ti di orúkọ ibùdókọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bí Ọ̀jọ́ta.

#20 Àǹtí Peckham (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:04 alẹ́)

Làìbéríà náà ò gbẹ́yìn. Ellen Johnson Sirleaf tó di ààrẹ ní 2006: ọmọ ìjòyè àwọn Gola ni bàbá rẹ̀, kì í ṣe ọmọ àwọn tó ti Amẹ́ríkà padà wá. Nítorí pé ìjòyè yẹn jẹ́ olóòótọ́ sí Ààrẹ Hilary Johnson ni wọ́n ṣe fi Johnson sọ ọmọ rẹ̀. Nínú ìlú kan náà ni Prince Johnson tó mú Ààrẹ Samuel Doe ní 1990 ti wá. Ẹ má bi mí bóyá wọ́n bára tan.

#21 Bàbá Mọ́ráyọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 7:25 alẹ́)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá. A ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ní kí ó yọ àwòrán òyìnbó kúrò, ó kọ̀. Ó ní gọ́ọ̀mù ti gbẹ, bí òun bá yọ ọ́, ìwé máa ya. Ó wá àwòrán Samuel tiwa, ó lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ "Eléyìí ni" sábẹ́ ọ̀kan, ó kọ "Eléyìí kọ́" sábẹ́ ìkejì. Ó kọ ti ìwé tó sọnù, ó kọ ti Obadiah. Ó gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Máàkì méjì tó lọ, tíṣà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Wọ́n bí i ní Ọ̀yọ́." Ó fa ìlà pa Hastings.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀fin, ẹ̀yin lẹ ní tíṣà tó bá mọ̀ ọ́n máa fàlà pa á. Tèmi kò mọ̀ ọ́n. Mo ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́la pẹ̀lú ìwé náà lábẹ́ apá.

#22 Ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́)

Ẹ dákun, ẹ ti sọ ti gbogbo Johnson ayé tán. Èyí tó wà lórí omi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ńkọ́? Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀.

#23 Tíṣà Máàsì (Ọjọ́ Ajé, 9:16 alẹ́)

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ti bi àna mi tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Badore. Ó ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tó ń jẹ́ Johnson ní Indiana ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kógbá sílé ní 2000, nígbà tó yá, àwọn ará Kánádà tó rà á kò fi Johnson pe ẹ́ńjìnnì mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Yamaha níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ má wá kabúrétọ̀ Johnson kiri. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ló ń ṣe Evinrude nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, orúkọ tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ ló yàtọ̀. Bí ọjọ́ orí àti agbára wọn bá ti bára mu, ti Evinrude máa wọ inú rẹ̀ wẹ́kú.

#24 Ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:21 alẹ́)

Evinrude? Evinrude 40 kan ti ń jẹ òjò lẹ́yìn ilé àbúrò mi láti ọdún kẹta. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé sípánà.